Kwashiorkor: Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí ọpọlọ ọmọ tí kò rí purotéènì jẹ, kí sì ni iṣẹ́ zinc, iron àti iodine níbẹ̀?

Tí wọ́n bá gbé ọmọ tó ní kwashiorkor dé ilé ìwòsàn, ara rẹ̀ ni gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ wò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti wú, ojú rẹ̀ á wú, irun orí rẹ̀ á ti pọ́n, awọ ara rẹ̀ á sì máa bó bí ìgbà tí omi gbígbóná bá dà síni lára.

Ṣùgbọ́n àwọn nọ́ọ̀sì tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ mọ àmì mìíràn. Ọmọ náà kì í rẹ́rìn-ín. Kì í wo ojú ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá gbé ohun ìṣeré síwájú rẹ̀, kò ní na ọwọ́ sí i. Tí wọ́n bá sì fọwọ́ kàn án, á bú sẹ́kún. Àmì inú ọpọlọ nìyẹn.

Lọ́dún 1992, àwọn dókítà kan ní Cape Town, lórílẹ̀-èdè South Africa, gbé àbájáde ìwádìí kan jáde nípa àwọn ọmọdé 12 tó ní kwashiorkor. Wọ́n fi ẹ̀rọ MRI ya àwòrán inú orí àwọn ọmọ náà nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọn dé. Ọpọlọ gbogbo wọn ló ti súnkì. Nígbà tí wọ́n tún ya àwòrán náà lẹ́yìn àádọ́rùn-ún ọjọ́ tí wọ́n ti ń tọ́jú wọn, ọpọlọ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti padà sí bó ṣe yẹ kó tóbi tó.

Ìròyìn ayọ̀ ni. Síbẹ̀, kí ọpọlọ tóbi padà yàtọ̀ sí kó máa ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ.

Ní erékùṣù Barbados, láti ọdún 1973 ni àwọn onímọ̀ ti ń tọpinpin àwọn ènìyàn tí àìjẹunrekánú tó le mú nígbà tí wọn kò tíì pé ọmọ ọdún kan. Nígbà tí wọ́n fi máa di ọ̀dọ́, ara wọn ti bá ti àwọn ẹgbẹ́ wọn mu. Ẹni tó bá rí wọn lójú pópó kò lè mọ̀ pé ohunkóhun ṣe wọ́n rí. Ṣùgbọ́n nínú kíláàsì, ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni kò lè fọkàn sí ẹ̀kọ́ fún ìgbà pípẹ́, nígbà tí iye yẹn jẹ́ ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín àwọn ọmọ tí àìsàn náà kò ṣe.

Kí ló wá ń fa ìyàtọ̀ yìí? Ara ìdáhùn rẹ̀ wà nínú purotéènì fúnra rẹ̀. Ara rẹ̀ sì wà nínú àwọn èròjà kan tí ara kò nílò ju ìwọ̀n bíńtín lọ lójúmọ́: iron, zinc, iodine, selenium àti copper. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ń pè wọ́n ní "trace minerals". Òmíràn nínú wọn kéré débi pé gbogbo èyí tí ènìyàn nílò láti ìgbà tí wọ́n bí i títí ọjọ́ ikú rẹ̀ kò ju ṣíbí ìmutíì kan lọ. Iodine nìyẹn.

Orúkọ tó ti Accra wá

Èdè Gà, tí wọ́n ń sọ ní Accra lórílẹ̀-èdè Ghana, ni ọ̀rọ̀ náà "kwashiorkor" ti wá. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni àìsàn tó máa ń mú ọmọ nígbà tí àbúrò rẹ̀ bá dé.

Dókítà Cicely Williams, tí wọ́n bí ní Jamaica lọ́dún 1893, ló gbé orúkọ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn àgbáyé. Lọ́dún 1929 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán an lọ sí Gold Coast, tó ti di Ghana báyìí. Ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé Princess Marie Louise tó wà ní Accra, ó ń rí àwọn ọmọ tó wà láàárín ọdún kan sí mẹ́rin tí ara wọn wú, tí awọ wọn ń bó, tí púpọ̀ nínú wọn sì ń kú.

Ohun tó ya dókítà yìí sọ́tọ̀ ni pé ó bi àwọn ìyá léèrè. Àwọn ló sọ orúkọ àìsàn náà fún un, àwọn náà ló sì ṣàlàyé bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀: ìyá á lóyún mìíràn, á já ọmọ tó wà lọ́wọ́ lẹ́nu ọmú, ẹ̀kọ àgbàdo nìkan ni ọmọ náà á sì máa mu láti ọjọ́ yẹn lọ. Lọ́dún 1933 ló kọ ìwé àkọ́kọ́ lórí rẹ̀, ó sì so àìsàn náà mọ́ oúnjẹ àgbàdo. Lọ́dún 1935 ló lo orúkọ kwashiorkor nínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn tó ń jẹ́ The Lancet.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló gbà á gbọ́. Àwọn ọ̀gá kan nínú ìmọ̀ ìṣègùn ní London ní kò sí ohun tuntun níbẹ̀, pé pellagra lásán ni. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó gbà pé òótọ́ ni àwọn ìyá Accra ń sọ.

Ní Nàìjíríà, ogun abẹ́lé tó wáyé láàárín ọdún 1967 sí 1970 ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà di ohun tí tọmọdé tàgbà mọ̀, nítorí àwòrán àwọn ọmọ Biafra tó káàkiri àgbáyé. Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn ti ń fi kwashiorkor bú ẹni tó bá rù. Àṣìlò ọ̀rọ̀ ni. Èyí tó ń mú kí ọmọ rù kan eegun ni wọ́n ń pè ní marasmus. Wíwú ni kwashiorkor máa ń wú ọmọ, ìdí sì nìyẹn tí àwọn òbí mìíràn fi ń rò pé ọmọ wọn ń sanra nígbà tó jẹ́ pé ikú ló ń sún mọ́ ọn.

Kí ló mú kí ọpọlọ tètè fara gbá?

Kò sí ẹ̀yà ara tó ń dàgbà kíákíá bí ọpọlọ ní ọdún méjì àkọ́kọ́ láyé. Nígbà tí ọmọ bá fi máa pé ọdún méjì, ọpọlọ rẹ̀ á ti tó nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún bí ti àgbàlagbà ṣe tóbi tó. Àkókò yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ ọmọ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà máa ń kúrò lẹ́nu ọmú bọ́ sídìí ẹ̀kọ, koko tàbí kunu tí kò ní nǹkan kan nínú ju ọkà àti omi lọ.

Purotéènì ni ara fi ń kọ́ sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ. Ṣùgbọ́n ó tún ní iṣẹ́ mìíràn tí àwọn ènìyàn kì í sábà sọ: òun ni ọkọ̀ tó ń gbé àwọn mineral kiri inú ẹ̀jẹ̀. Iron kì í dá rìn nínú ẹ̀jẹ̀. Purotéènì kan tó ń jẹ́ transferrin ló ń gbé e. Albumin ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú zinc. Transthyretin wà lára àwọn tó ń gbé omi ìsúnniṣe thyroid, ìyẹn hormone tí ara fi iodine ṣe. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe gbogbo àwọn purotéènì wọ̀nyí, tí ọmọ kò bá sì rí purotéènì jẹ, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò ní rí ohun tó máa fi ṣe wọ́n.

Ìyẹn túmọ̀ sí pé iron lè wà lára ọmọ kó má sì dé ibi tí wọ́n ti nílò rẹ̀, bí èrò tó wà ní gáréèjì tí kò rí ọkọ̀ wọ̀. Ìdí nìyí tí àìtó purotéènì àti àìtó mineral kì í fi í ṣe àìsàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Omi ìsúnniṣe thyroid ló fi èyí hàn jù. Tyrosine, tó jẹ́ ọ̀kan lára ohun tí purotéènì máa ń túká sí, ni ara fi ń ṣe é, tí á wá so iodine mọ́ ọn. Èròjà tó ń bá ara so iodine náà mọ́ ọn kò lè ṣiṣẹ́ tí kò bá sí iron. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣe é tán, èròjà mìíràn tó ní selenium nínú ló máa sọ ọ́ di irú èyí tí sẹ́ẹ̀lì lè lò. Purotéènì, iodine, iron àti selenium, gbogbo wọn ló pàdé nínú omi ìsúnniṣe kan ṣoṣo tó ń pàṣẹ fún ọpọlọ ọmọ láti dàgbà. Tí ọ̀kan bá sọnù, àṣẹ náà kò ní dún dáadáa.

Iron: èròjà tó ń wo ọmọ sàn, tó tún lè pa á

Tí wọ́n bá dárúkọ iron, ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rò. Òótọ́ ni. Ìwádìí ìlera àwọn mọ̀lẹ́bí tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2018 fi hàn pé ìdá 68 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ tó wà láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún ni ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó. Ibà àti aràn wà lára ohun tó ń fà á, àìtó iron náà sì wà níbẹ̀.

Àmọ́ ọpọlọ náà nílò iron. Òun ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀rá tó ń bo okùn iṣan inú ọpọlọ, bí rọ́bà ṣe máa ń bo wáyà iná. Tí ọ̀rá yẹn bá fẹ́lẹ́, iṣẹ́ tí ọpọlọ ń rán sí apá ibòmíràn kò ní tètè dé. Iron tún wà nídìí ṣíṣe dopamine, tó ń jẹ́ kí ọmọ fẹ́ ṣeré, kó fẹ́ mọ nǹkan, kó sì lè fọkàn sí ohun kan.

Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè sáré lọ ra oògùn ẹ̀jẹ̀ fún ọmọ tí ara rẹ̀ wú. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Nínú kwashiorkor, níwọ̀n bí transferrin ti dín kù, iron tí wọ́n bá fún ọmọ náà kò ní rí ohun tó máa gbé e. Á máa rìn gbéregbère nínú ẹ̀jẹ̀, àwọn kòkòrò àìsàn á máa fi ṣe oúnjẹ, á sì tún máa ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́. Nítorí náà ni àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ṣe kìlọ̀ pé kí wọ́n má fún ọmọ tí àìjẹunrekánú tó le ń ṣe ní iron ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ ìtọ́jú. Ó di ìgbà tó bá ti ń jẹun dáadáa, tó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo sí i, èyí tó sábà máa ń bọ́ sí ọ̀sẹ̀ kejì.

Zinc: èròjà tí kò ní àmì

Dókítà Michael Golden, tó ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ibùdó ìwádìí kan ní Jamaica, ló pín àwọn èròjà oúnjẹ sí oríṣi méjì, ìpín yẹn sì ṣàlàyé ọ̀pọ̀ nǹkan.

Oríṣi kìíní ni iron, iodine, selenium àti copper. Tí wọn kò bá tó, ọmọ lè ṣì máa dàgbà fúngbà díẹ̀, ṣùgbọ́n àmì á hàn: ẹ̀jẹ̀ á gbẹ, tàbí gẹ̀gẹ̀ á yọ lọ́rùn. Oríṣi kejì ni zinc, potassium, magnesium àti purotéènì fúnra rẹ̀. Tí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí kò bá tó, kò sí àmì kan pàtó. Ńṣe ni ara kàn máa dáwọ́ dídàgbà dúró. Ọmọ náà á kúrú, oúnjẹ kò ní wù ú jẹ mọ́, àìsàn kékeré á sì máa dá a gúnlẹ̀.

Ó dà bíi bíríkìlà tó ní iyanrìn àti omi ṣùgbọ́n tí sìmẹ́ǹtì rẹ̀ tán. Kì í ṣe pé á mọ ilé tí kò lágbára. Kò ní mọ ilé kankan ni. Tí wọ́n bá ń fún ọmọ ní purotéènì tí zinc kò sì sí, ara rẹ̀ kò ní lè lo purotéènì náà.

Nínú ọpọlọ, zinc pọ̀ ní apá tí wọ́n ń pè ní hippocampus, níbi tí ọpọlọ ti ń tọ́jú ohun tí ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́. Ara kò sì ní ibi tó ń kó zinc pamọ́ sí bó ṣe ń kó iron pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀. Ohun tí ọmọ bá jẹ ló ń lò, ìgbẹ́ gbuuru sì máa ń gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ jáde. Èyí ló fà á tí WHO àti UNICEF fi ní kí wọ́n máa fún ọmọ tó bá ń ya ìgbẹ́ gbuuru ní zinc fún ọjọ́ 10 sí 14 pẹ̀lú omi iyọ̀ oníṣúgà ORS: miligíráámù 20 lójúmọ́ fún ọmọ tó ti lé ní oṣù mẹ́fà, 10 fún èyí tí kò tíì tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ òbí ló mọ ORS. Zinc ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé.

Ó yẹ kí a fi òtítọ́ kan kún un. Àwọn ìwádìí tí wọ́n ti fún ọmọdé ní zinc nìkan láti wò ó bóyá ọpọlọ wọn á jí pépé sí i kò fẹnu kò sí ibì kan. Àwọn tó ń ta oògùn "amọ́pọlọ-jí-pépé" lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í sọ ìyẹn fún àwọn oníbàárà wọn.

Ohun tí kò tíì yé àwọn onímọ̀

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn dókítà ni pé àìtó purotéènì nìkan ló ń fa kwashiorkor. Ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ méjì lè máa jẹ oúnjẹ kan náà nínú ilé kan náà, kí kwashiorkor mú ọ̀kan, kó má mú èkejì.

Ní Malawi, àwọn onímọ̀ tọpinpin ìbejì 317, wọ́n sì kọ àbájáde rẹ̀ lọ́dún 2013. Wọ́n rí i pé àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tó ń gbé inú ìfun wà lára ohun tó ń dá ìyàtọ̀ sílẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, Golden ti dábàá pé àìtó àwọn èròjà bíi selenium, tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì, ló ń jẹ́ kí ara ọmọ wú. Wọ́n dán ìyẹn náà wò ní Malawi: wọ́n fún àwọn ọmọ kan ní selenium àti àwọn èròjà mìíràn tó jọ ọ́, wọ́n sì fún àwọn yòókù ní oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú. Ọmọ 2,372 ló kópa. Nígbà tí àbájáde jáde lọ́dún 2005, kò sí ìyàtọ̀: kwashiorkor mú àwọn tó lo selenium bó ṣe mú àwọn tí kò lò ó.

Èyí kò sọ pé selenium kò wúlò. Ohun tó fi hàn ni pé ènìyàn kò lè fi èròjà kan ṣoṣo dí ihò tí odidi oúnjẹ fi sílẹ̀.

Wàrà tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dín purotéènì rẹ̀ kù

Ó máa ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu pé wàrà tí wọ́n kọ́kọ́ ń fún ọmọ tí àìtó purotéènì ń ṣe nílé ìwòsàn kò ní purotéènì púpọ̀ nínú. F-75 ni wọ́n ń pè é. Ìdí ni pé ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ọmọ náà ti rẹ̀wẹ̀sì. Tí wọ́n bá dédé kó ẹran àti ẹyin tì í, ó lè kú. Zinc, copper, potassium àti magnesium wà nínú ohun tí wọ́n ń fún un lásìkò yẹn. Iron nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀. Tí wíwú ara bá ti ń lọ, tí oúnjẹ sì ti ń wù ú jẹ, wọ́n á gbé e bọ́ sórí F-100 tàbí oúnjẹ ẹlẹ́pà inú ọ̀rá.

Oúnjẹ ẹlẹ́pà yìí ló yí ìtọ́jú padà. Lọ́dún 1996, Dókítà André Briend àti Michel Lescanne, tí àwọn méjèèjì jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Faransé, ṣe Plumpy'Nut: ẹ̀pà lílọ̀, wàrà lẹ́búlẹ́bú, ṣúgà, òróró, fítámì àti mineral. Wọn kì í fi omi pò ó, kì í tètè bàjẹ́, ọmọ sì lè fa á mu láti inú ọ̀rá nínú ilé òbí rẹ̀. Nígbà tí ebi mú ní Niger lọ́dún 2005, àjọ àwọn dókítà MSF fi tọ́jú ọmọ tó ju 60,000 lọ, ilé ni púpọ̀ nínú wọn sì wà. Lọ́dún 2007, àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé fọwọ́ sí i pé kí gbogbo orílẹ̀-èdè máa tọ́jú ọmọ lọ́nà yìí.

Ọ̀rá kan jẹ́ gíráámù 92, agbára inú rẹ̀ sì jẹ́ kálórì 500. Nínú gíráámù 100 rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ní miligíráámù 10 sí 14 iron àti miligíráámù 11 sí 14 zinc, pẹ̀lú iodine àti selenium tó kéré débi pé máíkíróógíráámù ni wọ́n fi ń wọ̀n wọ́n. Nítorí náà, ọmọ tó bá ń jẹ ẹ́ kò nílò oògùn iron mìíràn.

Ní àríwá Nàìjíríà, níbi tí wọ́n ti ń pe àìjẹunrekánú ní tamowa, àwọn ọ̀rá yìí ti di ohun tí wọ́n ń tà lọ́jà nígbà mìíràn, àwọn àgbàlagbà sì ń fi jẹ búrẹ́dì. Ebi ń pa àwọn náà, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n kan pàtó ni ọmọ gbọ́dọ̀ jẹ lójúmọ́, èyí tí wọ́n bá sì jẹ mọ́ ọn lọ́wọ́ ti lọ nìyẹn.

Kí ni òbí lè ṣe nínú ilé?

Ìwádìí ọdún 2018 yẹn kan náà sọ pé ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní Nàìjíríà ló kúrú ju bó ṣe yẹ lọ fún ọjọ́ orí wọn. Ní ìpínlẹ̀ Kebbi, iye náà jẹ́ ìdá 66. Púpọ̀ nínú wọn kò ní dé ilé ìwòsàn láé, nítorí pé ara wọn kò wú. Oúnjẹ ilé ló máa gbà wọ́n.

Àgbàdo, ọkà bàbà, jéró àti ẹ̀wà ní iron àti zinc nínú, ṣùgbọ́n wọ́n tún ní phytate, ohun kan tó máa ń di àwọn mineral mú tí ìfun kò fi ní lè gbà wọ́n. Àwọn ìyá àgbà tó ń rẹ àgbàdo sómi, tí wọ́n ń jẹ́ kí ògì kan, ti ń bá phytate jà kí ẹnikẹ́ni tó sọ ọ́ lórúkọ: kíkan yẹn ló ń fọ́ ọ túká. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ni sísẹ́. Púpọ̀ nínú purotéènì àti mineral inú ọkà ló ń bá èérí lọ, èyí tí wọ́n sábà máa ń dà fún ẹran ọ̀sìn. Ẹran jẹun yó, ọmọ mu omi àti sítáàṣì.

Nítorí náà, ògì nìkan kò tó ọmọ tó ti lé ní oṣù mẹ́fà. Ẹja gbígbẹ tàbí edé tí wọ́n lọ̀ kúnná, kí wọ́n bu ṣíbí kan sínú ẹ̀kọ, á fún un ní purotéènì, zinc àti iron lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀dọ̀ ẹran pàápàá dára, kódà bí kò bá ju ẹ̀bù kékeré lọ. Ẹyin ń ṣiṣẹ́. Ní àríwá, wọ́n máa ń po ọkà, sóyà àti ẹ̀pà pọ̀, kí wọ́n yan án, kí wọ́n sì lọ̀ ọ́. Tom Brown ni wọ́n ń pè é, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera sì ń kọ́ àwọn ìyá bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ọsàn tàbí èso mìíràn tó kan díẹ̀ máa ń jẹ́ kí ara gba iron inú ewébẹ̀ àti ẹ̀wà. Tíì máa ń dí i lọ́wọ́, nítorí náà kò yẹ kó bá oúnjẹ ọmọ rìn.

Ní ti iodine, iyọ̀ ló ń gbé e wá. Láti ọdún 1993 ni Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ ètò fífi iodine sínú gbogbo iyọ̀ tí ènìyàn ń jẹ. Àmọ́ oòrùn àti afẹ́fẹ́ lè lé e jáde, tó bá wà nínú ọpọ́n ọjà láìdé. Inú ike tó ní ìdérí ló yẹ kó máa wà, ìgbà tí ọbẹ̀ bá sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná ló dára jù láti bù ú sí i. Aláboyún nílò iodine ju ẹnikẹ́ni lọ nínú ilé, torí pé inú oyún ni ọpọlọ ọmọ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó.

Fún ẹni tó bá ń fura sí ara wíwú: ẹ fi àtàǹpàkò tẹ orí ẹsẹ̀ ọmọ náà méjèèjì fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Tí ojú ibi tí ẹ tẹ̀ bá jìn tí kò tètè padà, ilé ìwòsàn ló kàn lọ́jọ́ náà, kì í ṣe ilé ìta oògùn. Bákan náà ni fún ọmọ oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún tí òṣìṣẹ́ ìlera bá fi téèpù wọn apá rẹ̀ tí kò sì tó sẹ̀ǹtímítà 11.5.

Oògùn tí kò sí nínú ọ̀rá

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Barbados ṣì kù nílẹ̀. Tí wọ́n bá ti fún ọmọ ní purotéènì, zinc, iron àti iodine bó ṣe yẹ, ṣé ọpọlọ rẹ̀ á bá ti ẹgbẹ́ rẹ̀?

Ìdáhùn tó lágbára jù wá láti Jamaica. Ọ̀jọ̀gbọ́n Sally Grantham-McGregor àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ mú ọmọ 129 tó kúrú ju ọjọ́ orí wọn lọ, tí wọ́n wà láàárín oṣù mẹ́sàn-án sí mẹ́rìnlélógún. Wọ́n fún àwọn kan ní wàrà tó ní èròjà aṣaralóore. Àwọn kan, òṣìṣẹ́ ìlera ń wá sílé wọn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún wákàtí kan láti fi han ìyá bí yóò ṣe máa bá ọmọ rẹ̀ ṣeré, bí yóò ṣe máa bá a sọ̀rọ̀, bí yóò ṣe máa dárúkọ nǹkan fún un. Àwọn kan rí méjèèjì gbà, àwọn tó kù kò rí ọ̀kankan. Ọdún méjì ni wọ́n fi ṣe é.

Lọ́dún 1991, wọ́n kéde pé oúnjẹ ran ọpọlọ lọ́wọ́, eré náà ràn án lọ́wọ́, àwọn tó rí méjèèjì gbà ló sì ṣe dáadáa jù. Èyí tó ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu dé lẹ́yìn ogún ọdún. Àǹfààní oúnjẹ nìkan ti pòórá. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n bá ṣeré ti di àgbàlagbà tí owó iṣẹ́ wọn fi ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn tí wọn kò bá ṣeré lọ, gẹ́gẹ́ bí ìwádìí tó jáde lọ́dún 2014 nínú ìwé ìròyìn Science ṣe sọ.

Ìtọ́jú inú ìwé ìtọ́sọ́nà WHO fún àìjẹunrekánú tó le ní ìgbésẹ̀ mẹ́wàá. Ìkẹfà ni àwọn mineral. Ìkẹsàn-án ni eré: ìṣẹ́jú 15 sí 30 lójúmọ́ pẹ̀lú ọmọ kọ̀ọ̀kan, orin, ọ̀rọ̀ sísọ, àti ohun ìṣeré tí kò náni lówó, bí ìdérí ìgò tí wọ́n so pọ̀ mọ́ okùn tàbí agolo tí wọ́n kó òkúta wẹ́wẹ́ sínú rẹ̀ kó lè máa dún. Ní ọ̀pọ̀ wọ́ọ̀dù tí èrò kún fọ́fọ́, tí nọ́ọ̀sì kan ń tọ́jú ọmọ tó pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ, ìgbésẹ̀ kẹsàn-án yìí ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń fò. Ìyá tó jókòó ti bẹ́ẹ̀dì ọmọ rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ lè ṣe é. Ohun tó kù ni kí ẹnì kan sọ fún un.